Ohun Tó Mú Kí Bẹ́árìn Máa Gbé Nínú Ọ̀rá Dúdú

Nígbà tí ayé ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí irin ń sọ̀rọ̀, tí ẹlẹ́dẹ̀ sì lọ́rùn gígùn bíi ti ẹṣin, kò sí bẹ́árìn kankan tó mọ ohun tó ń jẹ́ gíríìsì.

Ẹ má bi mí bóyá kẹ̀kẹ́ ti wà nígbà náà. Mo ti rìn dé ibi tí oòrùn ń lọ sùn, mo sì bá ibùsùn rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò tíì tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá rìn tó mi ni kó wá já mi nírọ́. Tíṣà kan gbìyànjú ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ilé-ìwé ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Apẹja kan wà tó ń jẹ́ Orímisàn. Apẹja ni o, ṣùgbọ́n kò gbé etí ọ̀sà. Ẹ̀fọn ti lé e kúrò níbẹ̀. Orí òkè ló kọ́lé sí, òun àti ìyàwó ẹ̀, Ìyá Mobọ́láńlé. Tó bá fẹ́ lọ pẹja, á gbé ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ sórí tírélà kékeré kan, akọ màlúù á fà á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Tó bá pẹja tán, màlúù á tún fà á gòkè. Àwọn ará abúlé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ Orímisàn mọ ọ̀nà oko ju bó ṣe mọ ẹja lọ.

Kẹ̀kẹ́ méjì ló wà lábẹ́ tírélà náà. Nínú kẹ̀kẹ́ ọ̀tún, yàrá irin róbótó kan wà, ibẹ̀ ni ọmọ ìyá mẹ́wàá kan ń gbé. Bọ́ọ̀lù irin ni gbogbo wọn, wọ́n ń dán gbinrin. Àwọn ni bẹ́árìn. Táwọn ò bá yí, kẹ̀kẹ́ ò lè yí. Kẹ̀kẹ́ òsì náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó bá ti ṣe ọ̀tún ló ń ṣe òsì.

Ọ̀rá wà lára àwọn mẹ́wàá yìí nígbà náà, ọ̀rá tí wọ́n bí mọ́ wọn. Ó fẹ́lẹ́, kò rùn, kò sì hàn sójú. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ kọjá ara wọn láìdún. Àmọ́ wọn ò mọ̀ pé ọ̀rá ni. Wọ́n rò pé ẹwà ni.

Ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá ń jẹ́ Dídán. Ẹnu ẹ̀ tóbi ju ara ẹ̀ lọ. Àbíkẹ́yìn wọn ń jẹ́ Kíńkín, òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí pé Dídán ti sọ gbogbo ẹ̀ tán.

Ní agbedeméjì ọ̀nà, níbi tí omi òjò máa ń dágún sí, Ẹlẹ́dẹ̀ àgbà kan ń gbé nínú ẹrẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí tírélà máa kọjá tí Dídán ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Á ní, “Ẹlẹ́dẹ̀, ṣé ò ń wẹ̀ ni, àbí ò ń bá wọn wẹ ẹrẹ̀?” Àwọn àbúrò ẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí. Ẹlẹ́dẹ̀ á na ọrùn gígùn ẹ̀ sókè, á wò wọ́n, á tún gbé e padà sínú ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn gòkè dé ọ̀dọ̀ Orímisàn pé ẹja ti ya wọ etí ọ̀sà, pé ọmọdé ń fi igbá kó o. Orímisàn ò jẹun tán. Ó so ọkọ̀ mọ́ tírélà, ó na màlúù ní pàṣán, màlúù sì bẹ́ sí eré. Kẹ̀kẹ́ yí, ó yí, títí irin fi gbóná bí agbada tí wọ́n fẹ́ fi dín àkàrà.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ẹrẹ̀, màlúù dúró mí díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ooru yín ń jó mi níbi tí mo wà. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀sà, ẹ má tíì wọ omi. Ẹ dúró kí ara yín tutù ná.”

“Ta ló ń kọ́ wa ní ìwẹ̀?” ni Dídán wí. “Ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ ò rí ayé bó ṣe dà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi ń mì. Màlúù tún gbéra.

Bí wọ́n ṣe débẹ̀, Orímisàn ò dúró, ó ti tírélà wọ omi bó ṣe gbóná. Ọ̀sà ti ń dúró dè wọ́n. Ẹ sì mọ àṣà wa: àlejò tó bá ti ọ̀nà dé, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un, ẹni tó bá kọ omi náà ti bú onílé. Lọ́jọ́ mìíràn, tí màlúù bá rọra rìn, ara wọn á ti tutù kí wọ́n tó débẹ̀. Rọ́bà tó jẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn á wà ní títì. Ọ̀sà á kí wọn láti ìta, àwọn náà á dáhùn láti inú ilé, ó parí. Ṣùgbọ́n irin gbígbóná tó bá já sínú omi tútù, ńṣe ló máa ń mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da omi sí lẹ́yìn lójijì.

“Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ dáadáa,” ni Ọ̀sà wí. “Òógùn ti bò yín. Ẹ gba omi.”

Kíńkín rántí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́. Dídán ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé, pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í kọ omi àlejò. Òun ló kọ́kọ́ yanu. Àwọn tó kù yanu tẹ̀lé e. Ilẹ̀kùn rọ́bà ṣí fẹ́ẹ́, omi sì wọlé.

Omi wọlé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n sè. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ọ̀rá ara wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lá. Ó lá a títí kò fi ku nǹkan kan. Èyí tó pọ́n lá tó sì pọ̀ jù fún un, ó gbé e jáde lọ tẹ́ sójú ọ̀sà, ó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì bí òṣùmàrè. Dídán rí i, ó ní ọ̀sà ti ń ṣọ̀ṣọ́ torí tiwọn.

Orímisàn ti ọkọ̀ sómi, ó lọ pẹja fún ọjọ́ mẹ́ta. Tírélà dúró sí èbúté. Omi tó wọ yàrá náà ò jáde o. Ní ọjọ́ kejì, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìpẹtà ti bò wọ́n.

Orímisàn dé pẹ̀lú ẹja ọkọ̀ kan kún. Inú ẹ̀ dùn. Ó gbé ọkọ̀ lé tírélà, màlúù fà á, kẹ̀kẹ́ sì pariwo. Igbe náà le débi pé Ìyá Mobọ́láńlé gbọ́ ọ lórí òkè, ó rò pé ọkọ òun ti lọ mú ohun tí wọn kì í jẹ. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó.

Ẹ̀gbẹ́ ẹrẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́ ti há, tí kò yí mọ́. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja dà sínú ẹrẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ mẹ́ta kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Orímisàn tutọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Mi ò lè máa fi kẹ̀kẹ́ tó ń sunkún rìn. Mo máa gé irin ẹ̀ ṣe ìdákọ̀ró. Àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀, mo máa so wọ́n mọ́ ìdí àwọ̀n.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìdí àwọ̀n la máa ń so nǹkan wúwo mọ́ kó lè rì. Ẹni tí wọ́n bá so síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ọ̀sà ló ń lọ, òun àti àwọn òkúta. Kò ní yí mọ́ títí ayé. Fún bẹ́árìn, ikú sàn ju ìyẹn lọ.

Orímisàn àti ìyàwó ẹ̀ kó ìwọ̀nba ẹja tí wọ́n lè gbé, wọ́n gòkè lọ mú òòlù. Ó wá ku tírélà, màlúù àti Ẹlẹ́dẹ̀.

Kíńkín ló sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ ti há. “Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀, ẹ dákun, ẹ gbà wá.”

“Ta ni Bàbá?” ni Ẹlẹ́dẹ̀ bi í. “Níjẹta, ẹni tó ń wẹ ẹrẹ̀ ni mò ń jẹ́.”

Kíńkín bẹ̀ ẹ́, àwọn tó kù bẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ẹja kẹrin, ó nu ẹnu. Ó ní, “Ọ̀rá wà lọ́rùn mi tó lè gbà yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tèmi máa ń rùn, tó bá sì pẹ́, á dúdú. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ò ní dán lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn yín á fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ẹ gbà?”

Dídán ní òun ò gbà. Ó ní wọn ò bí òun fún ìdọ̀tí, pé òun á kú ní dídán òun. Àwọn àbúrò ẹ̀ wojú ẹ̀. Òun ló mu omi jù, ìpẹtà ti jẹ ojú ẹ̀ ní kòtò kòtò, kò sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un.

“Àwa gbà,” ni Kíńkín wí.

Orímisàn àti ìyàwó ẹ̀ padà dé pẹ̀lú òòlù, ọkọ ṣí ìdérí ìdí kẹ̀kẹ́. Omi pupa dà jáde, àwọn mẹ́wàá sì yí sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ní kó má tíì so wọ́n mọ́ àwọ̀n. Ó ní kó fi epo òyìnbó fọ̀ wọ́n, kó má fi omi, kó fi aṣọ nù wọ́n gbẹ, kó wá gba ọ̀rá lọ́wọ́ òun.

Ìyá Mobọ́láńlé wo ọkọ ẹ̀. “Bàbá Mobọ́láńlé, ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ ẹja wa ló tún ń rán yín níṣẹ́ yìí?”

“Tí èyí tó kù bá ti lè délé,” ni Orímisàn dáhùn, “kó máa rán mi lọ.”

Ẹlẹ́dẹ̀ wá fún ọrùn ara ẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Bí ọ̀rá ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ń rì wọlé, títí orí fi jókòó lé èjìká. Orímisàn bu ọ̀rá náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ki àwọn bọ́ọ̀lù náà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rá fi yọ lódì kejì. Mẹ́sàn-án yí. Ṣùgbọ́n Dídán ò yí. Ibi tí kòtò bá ti wà lójú ẹ̀, ibẹ̀ ló ń há sí. Orímisàn yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, ó fi okùn so ó mọ́ ìdí àwọ̀n.

Kíńkín bi Ẹlẹ́dẹ̀ pé kí ni kí àwọn ṣe sí àyè ẹ̀gbọ́n àwọn.

“Ẹ fi ọ̀rá sí i,” ni Ẹlẹ́dẹ̀ wí.

Kẹ̀kẹ́ gòkè lọ, kò dún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹlẹ́dẹ̀ ti sọ ọrùn ẹ̀ nù, tí kò lè wo òkè mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni bẹ́árìn ti wọ ọ̀rá dúdú. Ìgbà tó yá ni àwọn kan rọ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sínú agolo, wọ́n pè é ní gíríìsì, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fún un jáde lọ́rùn ara wọn. Apẹja tó bá gbọ́n kì í ti tírélà sómi bó bá ṣe ń dé. Á fi ọwọ́ kan ìdí kẹ̀kẹ́ bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tó fẹ́ ṣàìsàn, á dúró kó tutù. Tí omi bá wọ̀ ọ́, á tú u, á nu ọ̀rá àtijọ́ kúrò, á ki tuntun. Tó bá gbàgbé, igbe tí gbogbo àdúgbò máa gbọ́ á rán an létí.

Ẹ tún ṣí bẹ́árìn wò lónìí. Àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ kì í fún mọ́ra tán. Àyè máa ń wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ dè, àmọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni òun wà, ọ̀rá ló sì ń bá wọn jókòó níbẹ̀.