Ọ̀bẹ Láwọyin àti Igi Àyán

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá rò ó dáadáa lè ní kí ló dé? Ọ̀bẹ ń gbẹ́ ìgbakọ, ó ń gbẹ́ àpótí ìjókòó, ó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Igi ṣáà ni èkù náà. Kí ló wá sọ tirẹ̀ di ohun tí kò ṣe é ṣe? Èmi náà bèèrè rí, ohun tí wọ́n sì sọ fún mi nìyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnrońbí, alágbẹ̀dẹ ìlú Ìdí-Ẹmi, koná mọ́ èédú, ó sì ti irin kan bọ inú rẹ̀. Láwọyin, olórí àwọn alápatà, ló ní kó rọ ọ̀bẹ kan fún òun, èyí tí òun yóò lò títí, tí ọmọ òun yóò sì jogún. Irin náà dára, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Ẹni méjì ló ń ṣe ọ̀bẹ ní Ìdí-Ẹmi nígbà náà. Alágbẹ̀dẹ a rọ irin, gbẹ́nàgbẹ́nà a fi èkù sí i. Àṣà wọn sì ni pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni yóò fa ọ̀bẹ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí òun ló mọ bó ṣe jókòó sí àtẹ́lẹwọ́. Ọnàwùmí gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń dun Ògúnrońbí. Òun ló ń jẹ èéfín, òun ló ń làágùn nídìí iná, ẹlòmíràn ló ń gba ìyìn.

Ọnàwùmí wá wo irin náà bó ti máa ń ṣe. Ó ju Ògúnrońbí lọ lọ́jọ́ orí, àwọn bàbá wọn sì ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí. Ó ní ìdí ọ̀bẹ, ìyẹn apá irin tó ń wọ inú èkù, yóò kúrú jù bó ṣe ń lù ú lọ yẹn. Ó ní kó gùn, kó sì nípọn níbi tó ti kúrò lára ojú ọ̀bẹ. Kí igun ibẹ̀ ká roboto bí ìgúnpá tó tẹ̀, nítorí ibi tí igun bá ti mú ni irin ti ń ṣẹ́. Ó tún ní tó bá di àtirì í bọ omi, ojú rẹ̀ nìkan ni kó rì, kó jẹ́ kí ìdí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kó lè gba agbára mọ́ra.

Ògúnrońbí rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, irin tí ẹ fẹ́ kí n há sínú igi yẹn, ta ni yóò rí i?”

“Ọwọ́ yóò rí i,” ni Ọnàwùmí dáhùn, ó sì lọ.

Ògúnrońbí lu gbogbo irin náà sí ojú ọ̀bẹ. Ó gùn, ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ká sókè. Ìdí rẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ. Ó gé igun rẹ̀ ṣánṣán nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wu ojú. Nígbà tó pọ́n gan-an, ó rì í bọ omi látòkè délẹ̀, tìdí tojú. Ó wá pọ́n ọn lára òkúta títí tó fi ń fá irun apá.

Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ àwọn alápatà bẹ́ẹ̀, láìní èkù. Láwọyin fi àtàǹpàkò kan ojú rẹ̀, ó sì mi orí pé ó mú. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé Ọnàwùmí ńkọ́.

Ìbéèrè yìí ló ta Ògúnrońbí lára. “Ọ̀bẹ yìí kò nílò Ọnàwùmí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ́ èkù ara rẹ̀, lójú gbogbo yín níbí.”

“Bàbá alágbẹ̀dẹ,” ni alápatà kan wí, “tó bá gbẹ́ ẹ tán, ẹ ní kó wá pa màlúù, kí àwa máa lọ sùn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu Ògúnrońbí, ẹ̀yìn kò sì ṣe é yí sí mọ́. Ó ní kí wọ́n wá igi àyán kan wá, ó fi àkísà wé ìdí ọ̀bẹ, ó jókòó.

Ọnàwùmí gbọ́, ó wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí àwọn èèyàn má baà gbọ́. “Àbúrò mi, gba ọ̀bẹ tèmi yìí fi gbẹ́ ẹ. Tó o bá gbẹ́ ẹ tán, ìwọ ni kó o fà á lé Láwọyin lọ́wọ́. N kò ní bínú.”

Ohun tí Ògúnrońbí ti ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n nà sí i yẹn. Kò gbà á. “Ẹ jẹ́ kí n dá a ṣe, Ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀bẹ náà mú lóòótọ́. Igi àyán le, síbẹ̀ èèpo rẹ̀ ń ṣí bí èèpo iṣu. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ìdí tó kúrú kò gba gbogbo ọwọ́. Ó ní láti fún un pọ̀ gidigidi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ń sún mọ́ ojú ọ̀bẹ. Ó dé ibi kókó igi, ọ̀bẹ dúró. Ó fi gbogbo ara tì í. Irin náà dún tín, ó ṣẹ́ níbi igun tó gé ṣánṣán yẹn, ojú ọ̀bẹ sì yí padà, ó gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá.

Egbò náà jiná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò pa dé mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún tí kò lè di owú, òòlù alágbẹ̀dẹ, mú, kí ni yóò ṣe nínú àgbẹ̀dẹ? Iná ibẹ̀ kú. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, Ògúnrońbí a jáde lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ọnàwùmí gbé irin tó ṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìlú kejì, ẹni tó fà lára ojú ọ̀bẹ fi ṣe ìdí tuntun, tó gùn, tí igun rẹ̀ ká roboto. Ọnàwùmí gbẹ́ igi àyán ọjọ́ yẹn parí, ó mú ìdí náà gbóná nínú iná, ó sì tì í bọ inú rẹ̀ títí tó fi jó ọ̀nà fún ara rẹ̀. Ó wá gbé ọ̀bẹ náà fún Ògúnrońbí pé kó lọ fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́.

A kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, ọwọ́ ọ̀tún kò sì lè dì í mú. Ògúnrońbí tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó fi òsì gbé e lábẹ́. Láwọyin di èkù rẹ̀ mú, ó gbé e yẹ̀wò, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìsọ̀.

Ògúnrońbí wo ọ̀bẹ tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀. “Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi,” ló wí. “Mo rò pé kí ó ṣáà ti mú ni. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.”

Láwọyin lo ọ̀bẹ náà títí, ọmọ rẹ̀ sì jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí nìkan ni ìpín Ògúnrońbí níbẹ̀, àwa la sì jogún ìyẹn.