Ẹ̀gbà Kẹsàn-án Tó Rìn Lọ

Nígbà tí ayé ṣì rọ̀, tí ọ̀pọ̀ nǹkan kò tíì gba ìrísí tí a fi mọ̀ wọ́n lónìí, ọ̀kùn kì í ká. Gbọnrangandan ló máa ń wà, bí ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, á kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ní igba ẹsẹ̀, kò ní ojú, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ohunkóhun.

Ní ìgbà yẹn kan náà, kò sí ìlà kankan lára ẹ̀gbà ọwọ́. Ara wọn jọ̀lọ̀, wọ́n ń dán gbinrin, wọ́n sì yí po láìlẹ́nu, láìsí àlàfo kankan. Obìnrin tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á fi epo pa ọwọ́, á sún àtàǹpàkò mọ́ra, á sì máa ké yéè títí ẹ̀gbà á fi kọjá.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Àkàngbé, alágbẹ̀dẹ idẹ ni. Bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ náà ni òun náà ń ṣe é. Á fi ìda oyin mọ ẹ̀gbà, á fi amọ̀ bò ó, á fi ihò kékeré kan sílẹ̀, á sá a sí oòrùn. Bí amọ̀ bá gbẹ, á kì í bọ iná. Ìda á yọ́, á gba ihò yẹn ṣàn jáde. Àkàngbé á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bó bá tutù, á fọ́ amọ̀, á sì bá idẹ nínú rẹ̀, ní ìrísí tí ìda ní tẹ́lẹ̀. Ìda ọ̀hún ti lọ nìyẹn, kì í padà wá.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ti àwọn yòókù náà dára. Bí a bá kó ẹ̀gbà tirẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀, òun gan-an kò lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí ń dùn ún púpọ̀.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú kọjá àlà. Ilẹ̀ sán, ewé gbẹ, kò sí ibi tútù kankan nínú igbó. Yéyé Ọ̀kùn, àgbà gbogbo ọ̀kùn, kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí àgbẹ̀dẹ Àkàngbé, nítorí àmù ńlá kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kì í gbẹ.

"Àkàngbé," ni ó wí, "mo mọ bàbá rẹ. Kò tẹ ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́lẹ̀ rí. Jẹ́ ká fara pamọ́ sí ìdí àmù rẹ títí òjò á fi rọ̀."

"Ẹ jókòó, Yéyé," ni Àkàngbé dáhùn. "Ìdí àmù kò há jù láti gbà yín."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀kùn ti gun orí ìda tí Àkàngbé tẹ́ sílẹ̀, tó dùbúlẹ̀, tó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ti mú ìda náà rọ̀. Àkàngbé wo ojú rẹ̀, ó tún un wò. Ìlà wẹ́wẹ́ ti tò sára ìda láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tín-ín-tín sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ọ̀bẹ tó lè fín irú rẹ̀.

"Yéyé," ni ó wí, "ẹ jẹ́ ká bára wa ṣe é. Kí àwọn ọmọ yín máa wá dùbúlẹ̀ lórí ìda mi láràárọ̀. Màá fi ìka tẹ̀ wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, màá ní ó tó, wọ́n á sì dìde. Ìdí àmù á di tiyín."

Yéyé Ọ̀kùn rò ó fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ní igba ẹsẹ̀ kì í kánjú.

"Mo gbà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n àmì ara wa ni kí o mú o. Má mú ara wa."

"Kí ni mo fẹ́ fi ara yín ṣe?" ni Àkàngbé wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe dá májẹ̀mú nìyẹn.

Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbọ́. Àwọn obìnrin ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ẹ̀gbà tó ní ìlà lára. Wọ́n á fi ìka ra á, wọ́n á ní, "Àkàngbé, ta ló kọ́ ọ ní irú iṣẹ́ yìí?"

"Ọwọ́ mi ni," ni Àkàngbé máa ń sọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, ó yọ́jú wo ìdí àmù. Ìgbà kejì, ó wò ó fìrí. Nígbà tó di ìgbà kẹta, kò wo ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, Kábíyèsí fẹ́ gbé Olorì tuntun wọ ààfin. Ó rán ìlàrí kan sí Àkàngbé pé kí ó ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́sàn-án, kí ó sì parí rẹ̀ lọ́túnla. Ìlàrí náà kò tilẹ̀ padà sí ààfin. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo Àkàngbé bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹran lọ́wọ́ ajá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àkàngbé tẹ́ ìda mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọmọ ọ̀kùn mẹ́sàn-án sì wá dùbúlẹ̀ lé wọn. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni àbíkẹ́yìn Yéyé Ọ̀kùn. Ó kéré, ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ìda kò yàtọ̀ síra rárá. Ìda náà lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń ta sánsán bí oyin. Ọmọ ọ̀hún sùn lọ.

Àkàngbé fi ìka tẹ̀ wọ́n. "Ó tó!" ni ó wí. Àwọn mẹ́jọ dìde, wọ́n sì lọ. Kò kà wọ́n. Ìlàrí ti ń húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ìda náà róbótó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ìkẹsàn-án, ó dúró. Lára àwọn mẹ́jọ, ńṣe ni ìlà jìn wọlé. Lára èyí, ńṣe ló yọ jáde, tó sì dúró dáadáa. Inú Àkàngbé dùn. Ó rò pé ọwọ́ òun ti já fáfá nínú iṣẹ́ náà wàyí. Ó ká a, ó so ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó sì gbé e lọ fi han ìlàrí.

"Wo èyí," ni ó wí. "Ṣé o rí i? Ó kù díẹ̀ kó máa rìn."

Ìlàrí tẹ̀ síwájú, ó fojú ṣùnnùkùn wò ó. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọwọ́ mi ni," ni Àkàngbé wí, ó sì fi amọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Bóyá ọmọ ọ̀kùn ké nínú amọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ohùn ọ̀kùn kò ju èémí lọ.

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kò fi nǹkan kan falẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo amọ̀ ti gbẹ. Àkàngbé kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú àdògán, ó sì dáná sí wọn nídìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà, Yéyé Ọ̀kùn ń gba ara àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá ní ìdí àmù, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Kò ní ojú, ẹsẹ̀ ló fi ń mọ̀ wọ́n. Nígbà tó dé ibi tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ máa ń sùn, ilẹ̀ tútù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá.

Alángbá wà lára ògiri lókè. "Alángbá," ni Yéyé pè é, "ìwọ tó ní ojú, ǹjẹ́ o rí àbíkẹ́yìn mi?"

Alángbá mi orí. "Mo rí i, Yéyé. Orí ìda ló sùn sí láàárọ̀. Àkàngbé ká a pọ̀ mọ́ ìda, ó sì fi amọ̀ bò ó."

"O rí i, o kò sì sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo kàn mi orí ni."

Bí Alángbá ṣe rí nìyẹn. Ohun rere àti búburú, orí kan náà ló ń mì sí i. Ẹ má pè é ní ẹlẹ́rìí láé.

Yéyé Ọ̀kùn kò dúró bá a wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí ọ̀kùn tó sáré. Ooru ló ń tọ̀ lọ títí ó fi dé ìdí àdògán.

"Àkàngbé! Ọmọ mi wà nínú iná rẹ!"

"Yéyé, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìda lásán ni mo fi síbẹ̀."

"Èwo ló dára jù nínú gbogbo wọn?"

"Ìkẹsàn-án ni," ni Àkàngbé wí.

"Kí ló mú kó dára jù?"

Ó la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ. Ó rántí pé ńṣe ni àwọn mẹ́jọ jìn wọlé, tí ìyẹn sì yọ jáde. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéyé," ni ó wí, "ọwọ́ mi kọ́."

Ó na ọwọ́ mú ẹ̀mú. Ìlàrí dìde fùú.

"Kí lo fẹ́ ṣe? Bí o bá kó amọ̀ kúrò nínú iná báyìí, ṣé kò ní sán?"

"Á sán."

"Mẹ́sàn-án ni Kábíyèsí wí! Ọ̀la ni Olorì máa wọ̀ wọ́n. O fẹ́ ba iṣẹ́ Kábíyèsí jẹ́ nítorí ọ̀kùn?"

"Mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀," ni Àkàngbé wí. Ó fi ẹ̀mú kó àwọn amọ̀ náà jáde, ó tò wọ́n sórí iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ń dún pẹ́pẹ́, wọ́n ń sán. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn jọra, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ìkẹsàn-án mọ́. Bó bá ní kí òun máa fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ooru lè ti pa ọmọ náà kó tó kàn án.

"Yàgò," ni Yéyé Ọ̀kùn wí.

Ó gun amọ̀ gbígbóná àkọ́kọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun ìkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, kò dúró. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó dùbúlẹ̀ lé e, igba ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ó wà níbí. Ó ń mí."

Àkàngbé fi òkúta gbá amọ̀ náà, ó là sí méjì. Ọmọ ọ̀kùn wà nínú rẹ̀. Ó ká róbótó, orí rẹ̀ kan ìdí rẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ìda sì ń dán lára rẹ̀. Àkàngbé fi orí ìka kàn án. Ńṣe ló túbọ̀ ká sí i.

"Mú ọwọ́ rẹ kúrò," ni Yéyé wí.

Ó mú un kúrò. Wọ́n dúró. Ó pẹ́ gan-an, ìlàrí pàápàá kò húkọ́. Ẹsẹ̀ kan mì, òmíràn mì, Alángbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti orí ògiri, ó sì ṣìkà. Ọmọ náà na ara, ó rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Àkàngbé dá àwọn mẹ́jọ tó kù padà sínú iná, ó sì da idẹ sí wọn. Amọ̀ wọn ti sán ní ẹ̀gbẹ́ kan, iyẹ̀pẹ̀ ti bọ́ sínú rẹ̀, idẹ kò sì lè yí po. Nígbà tó fọ́ wọn láàárọ̀, ẹ̀gbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló lẹ́nu. Ó kó wọn lọ sí ààfin bẹ́ẹ̀.

Olorì tuntun ti fi epo pa ọwọ́ sílẹ̀. Ó mú ẹ̀gbà kan, ó gba ẹnu rẹ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tìyanutìyanu, ó wọ ìkejì.

Kábíyèsí ka ẹ̀gbà. "Mẹ́jọ nìyí. Ìkẹsàn-án dà?"

Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ìkẹsàn-án ti rìn lọ."

Àkàngbé kò dìde. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ìjòyè pé iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yin òun kì í ṣe ti ọwọ́ òun. Kábíyèsí wo Olorì. Olorì ń fi ìka ra ojú ẹsẹ̀ tín-ín-tín tó wà lára ẹ̀gbà.

"Ọmọ náà ńkọ́?" ni ó béèrè. "Ṣé ó yè?"

"Ó yè, Olorì."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́jọ, Kábíyèsí. Mẹ́jọ tó mi."

Nígbà tí Àkàngbé délé, òjò àkọ́kọ́ ti ń kán. Yéyé Ọ̀kùn ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde kúrò ní ìdí àmù.

"Yéyé, ẹ má lọ," ni ó bẹ̀ ẹ́.

"O fọ́ amọ̀ fún mi, Àkàngbé. Mi ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n oorun kò lè kùn mí nílé rẹ mọ́."

Àkàngbé bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ náà láti fi dágbére. Kí ìka rẹ̀ tó kàn án tán, ọmọ náà ti ká róbótó. Àkàngbé fa ọwọ́ padà, omi sì lé sí i lójú. Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n bá bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, "Ọ̀kùn ni" ló máa ń dáhùn. Kò sì jẹ́ fi ẹ̀gbà kankan sílẹ̀ láìlẹ́nu mọ́, kí ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yẹn ló wá di bàbá ńlá gbogbo ọ̀kùn. Ọjọ́ tó jáde nínú amọ̀ náà ni ọ̀kùn ti dúdú, tó ń dán, tó sì jẹ́ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, á ká bí ẹ̀gbà. Bí o bá rí i lẹ́yìn òjò, tó sì ká mọ́ ọ lọ́wọ́, gbé e sílẹ̀, kí o mú ọwọ́ rẹ kúrò, kí o sì dúró. Á na ara fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dá a lójú pé o kò ní amọ̀ lọ́wọ́.