Jíìpù Tíṣà Nínú Kòtò Òkè Arómisá

Àwọn ìlú mìíràn lè ní ìtàn tiwọn lórí òwe ẹni tó jìn sí kòtò, n kò bá wọn du ú. Tiwa ní Ìdóòkè rèé, àwa tí a sin òkú inú rẹ̀ ni a sì ń sọ ọ́.

Tíṣà Fágbèmí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Òun àti Ìbídàpọ̀, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló kù sílé. Àìsàn ọkàn ń bá obìnrin náà fínra, dókítà sì ti kìlọ̀ pé nígbàkigbà tí èémí bá ti ń há a, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Arómisá, lódì kejì òkè. Ta ni kò mọ ọ̀nà òkè wa? Àgbàrá ti jẹ ẹ́ tán. Ọkọ̀ kékeré ń fi àyà wọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni. Tíṣà bá ta oko kòkó tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó ní jíìpù tuntun lòun máa rà.

Kò kù gìrì rà á o. Ó ní kí Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wo ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sórí ẹ̀rọ ayélujára nípa Fọlárìn tó ń ta mọ́tò ní Arómisá. Ìyìn ni látòkè délẹ̀: olóòótọ́ èèyàn, ọkọ̀ rẹ̀ dára, Ọlọ́run á bù kún un. Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé ọjọ́ tí èèyàn bá ra ọkọ̀ gan-an ni Fọlárìn ń mú un kọ ọ́. Á fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, á yà á ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, á ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kí òun tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ta ni inú rẹ̀ kò ní í dùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Tíṣà tún lọ bá Olóyè Sàngówándé, tó ti ra jíìpù lọ́dọ̀ Fọlárìn. Ẹ̀yìnkùlé ni jíìpù ọ̀hún wà, wọ́n fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀. Olóyè ní ó dára púpọ̀, pé òun kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Kí ni ẹ fẹ́ kó wí? Gbogbo ìlú ló ti bá a yọ̀ lé e lórí, wọ́n pa àgbò, wọ́n da ọtí sí táyà rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí ayé bá ti bá èèyàn yọ̀ lé lórí, onítọ̀hún kì í bú u mọ́, àfi kó máa pọ́n ọn. Alábòsí ni wá, mo sọ ọ́, ẹni tó bá dùn kó bínú.

Tíṣà ra tiẹ̀. Òun náà ya fọ́tò, òun náà kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Nígbà tó gbé e délé, Ìbídàpọ̀ wọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀, ó ní, "Bàbá Wúràọlá, ọkàn mi balẹ̀ wàyí."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, èémí há a. Tíṣà gbé e sẹ́yìn jíìpù, ó kọrí sí Arómisá. Ní ìdajì òkè ni ẹ́ńjìnnì kú. Bíréèkì kò mú. Jíìpù ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jìn sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Wọn ò fara pa, ṣùgbọ́n òjò náà kò jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tètè gba ibẹ̀. Tíṣà gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó ń fi ìwé fẹ́ ẹ. Kí ọkọ̀ akérò kan tó dé, Ìbídàpọ̀ ti lọ. Ó dùn wá o, ó ṣì ń dùn wá.

Mẹkáníìkì tó wá wo jíìpù náà ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló bá lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí omíyalé ti bò rí ni, tí wọ́n kùn, tí wọ́n wá tà ní tuntun.

Nígbà tí Fọlárìn gbọ́, ó ránṣẹ́ pé òun máa wọ́ ọ kúrò lófẹ̀ẹ́. Olóyè Sàngówándé náà wá kí Tíṣà kú ọ̀fọ̀, kò lè gbójú sókè.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ kúrò. Tèmi náà ti kú tipẹ́. Ojú ló ń tì mí."

Tíṣà ní, "Olóyè, ẹ̀yin ni mo wá bi. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, Ìbídàpọ̀ ì bá wà níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́ ọ kúrò. Èmi ti jìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ibi tí mo jìn sí."

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń gbé àpótí ìjókòó lọ sí ẹ̀bá kòtò náà. Ẹni tó bá ń lọ ra mọ́tò ní Arómisá, á dá a dúró, á fi ẹrẹ̀ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì hàn án, á sì sọ bí ìyàwó òun ṣe kú. Kò fi bò, kò tijú. Púpọ̀ nínú wọn yí padà, koríko sì hù ní ọgbà tí Fọlárìn ti ń ta mọ́tò. Ṣùgbọ́n oko kòkó kò padà wá, ìyàwó kò sì jí. Tíṣà á gbé àpótí rẹ̀, á padà sílé tí kò ti sẹ́ni tó máa kí i káàbọ̀. Bí ó bá sì ti ń kọjá lọ, àwọn àgbà Ìdóòkè á wò ó, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní: ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.