Ohun Tí Ọlọ́jà Bi Ayàwòrán

Àlàmú, àbúrò mi, ọkùnrin kan wà tó ń fi kámẹ́rà jẹun ní ìlú tí mo ti ṣe tíṣà. Fi orí lé ìrọ̀rí kí o gbọ́ mi. Gbogbo ayẹyẹ ìlú náà, òun ló ń ya fídíò rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì ti ń tò ó. Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Ètò tó ń darí rẹ̀ ti gbó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ìdílé kan pè é pé kó wá ya bàbá wọn tó ń ṣàìsàn. Bàbá jókòó sórí ibùsùn, ó dárúkọ ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì súre fún wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá kú. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin wà lókè òkun. Ó ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú, ó ní ohùn yẹn ni òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ayàwòrán ti da fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ti nu ti inú kámẹ́rà nù kó lè fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ibì kan ṣoṣo ni ohùn bàbá náà kù sí.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Bàbá á la ẹnu, àwòrán á dúró gbagidi. Wọ́n sọ fún ayàwòrán pé káàdì tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ ló ti gbó, kó lọ ra òmíràn.

Ó lọ. Ọlọ́jà tó bá kò kánjú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ètò wo ló ń darí kọ̀ǹpútà yín, tuntun àbí ti àtijọ́? Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú o. Káàdì tí ètò tuntun gbà, ti àtijọ́ lè má dá a mọ̀ rárá. Mo ní ti méjèèjì."

Ìbéèrè náà kò le. Àmọ́ ayàwòrán méjì tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú sì tì í. Ó ní, "Tuntun ni! Ṣé irú èmi ló máa lo ti àtijọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà gbà á gbọ́, ó gbé ti tuntun fún un.

Nígbà tó délé, ó ti káàdì bọ àyè rẹ̀. Ó wọlé ṣinṣin. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn, nǹkan á wọlé ṣinṣin láìbá inú mu. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù. Ó pa á, ó tún tan án. Dùdù náà ni. Ọ̀la ni obìnrin náà ń dé.

Ó ṣì lè yọ káàdì náà, kó dá a padà, kó sọ òótọ́. Ìtìjú kò jẹ́. Ó yá ètò tuntun lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìyẹn dá káàdì náà mọ̀, ojú ẹ̀rọ tàn díẹ̀, ó sì ń fi í bo ti àtijọ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá kí òun gbá ohun tó wà nílẹ̀ dànù. Kò kà á tán, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kedere. Kò tíì rí àwòrán tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá fídíò bàbá títí, kò rí i. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà dé pẹ̀lú àpótí ẹrù rẹ̀. Ó fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ tó ń tàn yìí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀."

Àlàmú, ọ̀la ni wọ́n máa gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Láàárọ̀ yìí nọ́ọ̀sì bi ọ́ bóyá o ń mu àgbo. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀tún àti òsì ń gbọ́. Ìwọ alága ẹgbẹ́, ìwọ tó ń fi alágbo ṣe yẹ̀yẹ́, o ní, "Rárá o, èmi kì í mu nǹkan bẹ́ẹ̀." Mo mọ ohun tó wà nínú ike omi tí o fi táwẹ́lì wé nínú báàgì rẹ. Oṣù mẹ́rin lo ti ń mu ún.

Oògùn tí dókítà máa fi mú ọ sùn, oògùn gidi ni. Ṣùgbọ́n ara tí o júwe fún wọn ló yàn án fún, kì í ṣe èyí tó dùbúlẹ̀ síwájú mi yìí. N kò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bó bá pàdé àgbo yẹn. Ìwọ náà kò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi. Má jẹ́ kí ìyàwó rẹ jókòó lọ́la kó máa dúró de ohùn rẹ.

Nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀ yẹn. Mo ti gbé ike náà sórí tábìlì. Bí o kò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, kí o bá mi bínú fún ọdún mẹ́wàá. Alààyè ló ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde.