Bí Eérú Tutù Ṣe Kọ̀ Láti Jẹ́rìí fún Awẹ̀ró

Àwọn àgbà ní eérú tutù kì í jẹ́rìí. Ẹ ti gbọ́ òwe náà, bóyá ẹ tilẹ̀ ti pa á fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Obìnrin amọ̀kòkò kan ní ìlú Ìsàmọ̀ ló pa iná ara rẹ̀ kí ó má baà san owó kánsù, tí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ọdẹ kan ló sùn ti eérú nínú igbó. Kò sí ọdẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn àti òfin ìjọba.

Ní Ìsàmọ̀, ọkùnrin ló ni ilẹ̀ oko, ọkùnrin náà ló ni ilẹ̀ ilé. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin ní lórí ilẹ̀ ni ojú iná, ìyẹn ibi tí ó ti ń to ìkòkò amọ̀ jọ, tí ó ń kó igi àti koríko gbígbẹ lé e lórí, tí ó sì ń dáná sun ún títí yóò fi pọ́n. Àwọn ojú iná yìí wà lẹ́bàá ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Ìyá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ọkọ kò lè tà á, àna kò lè pín in. Bí ọkọ bá lé obìnrin jáde, ó ní ibi tí yóò jókòó sí tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún un pé kí ó dìde.

Kò sí ìwé lórí ilẹ̀ yẹn. Ìyá Eérú ni wọ́n ní. Àgbà obìnrin kan ni, tí àwọn amọ̀kòkò fúnra wọn yàn. Bí ọyẹ́ bá ti mú, wọn á dá ọjọ́ kan, Ìyá Eérú á sì jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, á máa lọ láti ojú iná kan dé òmíràn, á máa ki ọwọ́ rẹ̀ lásán bọ inú eérú. Bí eérú bá ṣì ń gbóná, á pe orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀, àwọn tó tẹ̀lé e á dáhùn pé àwọn gbọ́. Ó di ọdún mìíràn. Bí eérú bá tutù, kò ní pe orúkọ kankan. Ibẹ̀ ti di ti ìlú nìyẹn, kí wọ́n fún ẹni tí yóò lò ó. Bí ara obìnrin kan kò bá yá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a sun ìṣaasùn kan péré kí eérú rẹ̀ lè gbóná di ọjọ́ náà. Wọn kì í sì í bá Ìyá Eérú jiyàn. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá ti kan eérú kò gbọdọ̀ parọ́, pé bí ó bá parọ́, yóò rọ.

Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, Ọyáníkẹ́ ni Ìyá Eérú. Ojú iná tirẹ̀ ló kángun sí odò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Awẹ̀ró, tí ojú iná rẹ̀ wà ní àárín, lẹ́bàá ọ̀nà gan-an. Àmù ńláńlá ni Awẹ̀ró ń mọ, irú èyí tí ènìyàn méjì ń gbé. Opó ni, ọmọbìnrin kan ló sì bí, Bọ́sẹ̀dé. Bí ó bá ń gbá ojú iná rẹ̀, á máa wí pé, "Ọmọ tèmi kò ní tọrọ ibi ìjókòó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ fún nìyẹn.

Nígbà náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin pé kí kánsù kọ̀ọ̀kan máa wá lára owó tí yóò ná fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ibi iṣẹ́, kí ó máa gba ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, kí ó sì máa sanwó rẹ̀. Ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. N kò ní purọ́ pé òfin náà kò nídìí. Òrùlé ilé ìgbẹ̀bí ń jò, afárá odò ti là sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ òfin náà kò dé Ìsàmọ̀ rí. Iye tí ilé-epo tó wà ní oríta yóò san náà ni ojú iná yóò san.

Ládiípọ̀, agbowó kánsù, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá lórí alùpùpù rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá."

"Iṣẹ́ kò tíì kú," Awẹ̀ró dá a lóhùn. "Ìwọ lo wá pa á."

Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Wọ́n ní kí n máa wo èéfín ni. Ibi tí mo bá ti rí èéfín, mo ti rí ibi iṣẹ́."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé oòrùn ló fi ń se ọbẹ̀ fún ọ ni? Lọ wo èéfín ilé rẹ, kí o gba owó lọ́wọ́ rẹ̀!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ládiípọ̀ náà rín in pẹ̀lú wọn, ó sì sọ fún wọn pé òun ń padà bọ̀.

Ọláníhún ló wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Akọ̀wé kóòtù ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ènìyàn burúkú kọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó dúró sí àárín wọn, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin ìyá wa, àwọ̀n ni òfin. Ẹja tó bá mọ ojú àwọ̀n kì í kú sínú rẹ̀. Ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni òfin wí, àbí? Ẹ sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ẹ jọ máa sun ìkòkò yín lójú iná kan ṣoṣo, kí ẹ dáwó jọ san ìwé àṣẹ kan. Ta ni yóò mú yín?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú iná Ọyáníkẹ́ ni wọ́n fẹnu kò sí, nítorí ó fẹ̀. Òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bí ọyẹ́ bá dé ńkọ́?" ó bi wọ́n. "Kí ni kí n ṣe bí mo bá dé ojú iná yín tí mo bá eérú tutù?"

"Ta ló fi ọ́ joyè?" Awẹ̀ró ní. "Ṣebí àwa náà ni. Jókòó sílé lọ́jọ́ náà, kí o jẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Ọwọ́ rẹ náà á sinmi."

"Awẹ̀ró, ọ̀rọ̀ yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín."

"Àwa la ń rẹ́rìn-ín, ìwọ ṣáà ti gbà fún wa."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà. Ó gbà nítorí pé òun náà kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òun san owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kánsù pè wọ́n kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Alága fúnra rẹ̀ jókòó, akọ̀wé rẹ̀ sì ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Awẹ̀ró, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? Ṣé ibi iṣẹ́ kọ́ ni?"

"Ibi iṣẹ́ ta ni, Alága? Koríko ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ gba owó orí lọ́wọ́ koríko."

Gbogbo gbọ̀ngán náà rẹ́rìn-ín. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Àwọn yòókù rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn, àwọn náà sì ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n san owó ìwé àṣẹ kan lórúkọ Ọyáníkẹ́, wọ́n kọrin lọ sílé.

Láti ìgbà náà, koríko hù lóòótọ́. Ìjà sì bẹ̀rẹ̀ lójú iná Ọyáníkẹ́. Àmù Awẹ̀ró ń fẹ́ iná tó rọra jó, ìṣaasùn àwọn yòókù ń fẹ́ iná líle, nítorí náà ó máa ń dúró di ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ó fara dà á. Ó ní ọdún kan kò pẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Ọyáníkẹ́ jókòó sílé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣàdéhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ Awẹ̀ró gbé e lọ sí ojú iná rẹ̀. Ó bá ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ sínú eérú. Ó lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó igi wẹ́wẹ́ jọ, ó ti mú ìṣáná jáde. Bí ó ti gbójú sókè, ó rí alùpùpù Ládiípọ̀ tó dúró sí orí òkè, tí ọkùnrin náà jókòó lé e lórí, tó ń wo ìsàlẹ̀. Èéfín kan, ìwé àṣẹ kan. Awẹ̀ró da igi náà nù, ó gbọn ọwọ́, ó lọ sílé.

Òjò kejì kò tíì rọ̀ tí kánsù fi kó èèkàn wá. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí òfin kan náà tó ní kí wọ́n wá owó ló fún wọn láṣẹ lórí ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣiṣẹ́. Láti ojú iná àkọ́kọ́ títí dé ẹ̀bá ti Ọyáníkẹ́ ni wọ́n kan èèkàn sí. Ti Ọyáníkẹ́ nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn, nítorí òun ló ní ìwé àṣẹ. Awẹ̀ró jókòó sórí ilẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n kan èèkàn mọ́ òun lára. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ìbílẹ̀.

Adájọ́ náà kò kórìíra wọn. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níwájú Alága, ṣùgbọ́n ẹnu ènìyàn lè ṣàṣìṣe, nítorí náà àṣà àwọn amọ̀kòkò ni òun yóò tẹ̀lé. Bí Ìyá Eérú bá lè wá jẹ́rìí pé eérú Awẹ̀ró gbóná, Awẹ̀ró ló ni ilẹ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́, Awẹ̀ró lọ bá Ọyáníkẹ́ nílé. Ọláníhún ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí.

"Sọ pé o fọwọ́ kàn án, pé ó gbóná. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí Bọ́sẹ̀dé ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́."

Ọyáníkẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Awẹ̀ró rò pé ó ti gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adájọ́ pè é jáde. "Ìyá, ṣé ẹ fọwọ́ kan eérú Awẹ̀ró ní ọyẹ́ tó kọjá?"

"N kò fọwọ́ kàn án."

"Ká ní ẹ fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

Awẹ̀ró ń wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Á tutù," ni Ọyáníkẹ́ wí.

"Kí ni ìyẹn jẹ́ nínú àṣà yín?"

Omijé ti ń dà lójú rẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Eérú tutù kì í jẹ́rìí, olúwa mi."

Awẹ̀ró dìde. "Ọyáníkẹ́! Èmi lo wí báyìí fún?"

"Ohun tí ìwọ wí fún Alága ni mo tún wí. Ìwọ lo kọ́kọ́ wí i, Awẹ̀ró. O wí i, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín."

Adájọ́ kọ́ gègé rẹ̀ sápò, ó ní ilẹ̀ di ti kánsù. Ọláníhún sọ fún wọn níta pé ìdájọ́ náà ní àléébù, pé ó ṣeé pè lẹ́jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n kọjá lọ lára rẹ̀. Ní ọdún yẹn ni Ọyáníkẹ́ gbé oyè sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ mọ́, nítorí yàtọ̀ sí ti Ọyáníkẹ́, kò sí eérú tí yóò fọwọ́ kàn. Bọ́sẹ̀dé dàgbà, ó ń ta abọ́ oníke ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún kánsù lóṣooṣù, ó sì ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọọdún.

Ibi tí òwe náà ti wá nìyí. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó tàbí wàhálà díẹ̀, tí ó wá ń wá ẹlẹ́rìí kiri nígbà tí ẹlòmíràn mú nǹkan náà. Bí ọmọ bá kọ̀ láti dá sí àtúnṣe ilé bàbá rẹ̀, tó ní òun kò ní yàrá níbẹ̀, tó sì padà wá pín in, wọn á ní eérú tutù kì í jẹ́rìí. Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pa á. Awẹ̀ró kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ lẹ́yìn kóòtù. Ilé rẹ̀ àti ilé Ọyáníkẹ́ kọjú síra, wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ogbó, wọn kò kí ara wọn. Nígbà tí Ọyáníkẹ́ kú, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, Awẹ̀ró ti ilẹ̀kùn rẹ̀.