Ìgbà Tí Ìgbín Wọn Ipasẹ̀ Bàbà

Nígbà láéláé, ara Bàbà kì í dógùn-ún rárá. Bí òjò pa á fọ́dún mẹ́ta, pípọ́n ni yóò máa pọ́n, yóò sì máa dán yanran. Ìgbéraga rẹ̀ wá ju dídán rẹ̀ lọ. Ẹni tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ lánàá ni ó ń wo igi ìrókò bí ẹní wo koríko!

Ìyá Ìgbín ń gbé létí odò Àwẹ̀ba pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan, omi odò náà bẹ̀rẹ̀ sí ta wọ́n lẹ́nu. Ọmọ méjì mu ún, wọn kò jí mọ́. Ìdàrọ́, pàǹtí tó ń ṣẹ́ kù bí a bá yọ́ òkúta bàbà, ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń dà sódò. Ọmọ mẹ́rin ló kù fún Ìgbín. Níbo ni yóò kó wọn gbà?

Ó lọ bá Bàbà níbi tí ó ti ń ṣakọ lọ́wọ́ ìyàwó Ògúndépò alágbẹ̀dẹ.

“Bàbà, jọ̀ọ́, rọra. Omi ń pa wá lọ́mọ.”

Bàbà yínmú. “Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbà ọwọ́ lásán ni mí. Kí ni ohun tó kéré báyìí lè jẹ tán láyé? Àbí ìwọ tí ò ń fi ikùn wọ́lẹ̀ lo fẹ́ wọn ohun tí mo jẹ?”

“Màá wọ̀n ọ́n,” ni Ìgbín wí.

Gbogbo ẹranko tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gun Bàbà bí ọtí, ló bá ní kí wọ́n fi erùpẹ̀ kan òun lẹ́nu kí òun fi búra.

“Bí ohun tí mo jẹ bá ju ẹrù igi kan lọ, kí àwọ̀ ewé tí mo pa bò mí!”

Òmùgọ̀! Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á jáde. Ta ní ń fi ìyá tó bí i búra èké?

Ìgbín kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbà náà. Ipasẹ̀ rẹ̀ ló ń tọ̀ padà sẹ́yìn, ó ń fi itọ́ fa ìlà funfun láti ẹnu ìléru dé ibi tí wọ́n ti ń sun èédú, láti ibẹ̀ dé kòtò òkúta, títí dé odò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Oṣù mẹ́ta ló lò.

Ó padà dé. “Ogójì igi. Igba agbọ̀n òkúta. Odò kan. Ọmọ mi méjì.”

“Fún ẹ̀gbà kan ṣoṣo?” ni Ògúndépò béèrè.

“Ẹyọ kan, bàbá.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbà fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ilẹ̀ ti gbọ́. Àwọ̀ ewé yọ lára rẹ̀, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ojú ti Ògúndépò. Ó gbẹ́ kòtò fún ìdàrọ́, jìnnà sódò. Ó tún fi òfin lélẹ̀ pé ògbólógbòó ẹ̀gbà tó ti ṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ́, kí ẹnikẹ́ni tó wa òkúta tuntun. Odò Àwẹ̀ba mọ́ gaara, àwọn ọmọ mẹ́rin sì mu níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọ̀ ewé ti ń bo bàbà. Ẹ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, yóò ṣakọ fún ọjọ́ mélòó kan, aláìnítìjú. Ẹ sáà gbàgbé rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan: igbó tó jẹ yóò tún hù lára rẹ̀.