Òjò Ajá àti Ológbò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fo odò, kò tutù lẹ́sẹ̀, ó lọ bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lórí. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwẹ̀ró, yọ ìka lẹ́nu, orin ń bọ̀.

Ajá àti Ológbò jọ ń gbé ilé kan létí odò. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi pẹja. Wọ́n yan án gbẹ, wọ́n kó o sórí àjà, kí wọ́n lè rí jẹ títí ìgbà òjò yóò fi parí. Ẹja yìí ni Ìjàpá ń wò tó ń gbé itọ́ mì.

Òyìnbó kan wà lókè odò náà. Odídẹrẹ́ ni ẹyẹ ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Odídẹrẹ́ fò kọjá, ó ń pariwo: "Òyìnbó wo ojú ọ̀run! Ó ní lọ́la, ajá àti ológbò ni òjò yóò máa rọ̀!" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ajá ní: "Èwo nìyẹn? Ajá ṣe é rọ̀ bí?"

Ìjàpá mọ̀ ọ́n o. Ó ti máa ń lọ lá ìkòkò lẹ́yìn ilé ìdáná òyìnbó, ó gbọ́ èdè wọn. Eji wọwọ ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣé ó wí i? Kò wí! Ó káwọ́ lérí.

"Háà! Ajá, ọmọ ìyá mi! Lọ́la ni ọ̀run máa gbá gbogbo ajá àti ológbò jọ, tí á máa jù wọ́n sílẹ̀, pàà! pàà!"

Ológbò ní: "Yéè! Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń balẹ̀, àmọ́ láti ojú ọ̀run kẹ̀?"

Ìjàpá ní: "Ẹ sá sínú ihò àpáta lórí òkè. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín, ẹ má jáde o. Màá bá yín ṣọ́ ilé." Ó bá bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn! Ẹkún ọ̀nì ni òyìnbó ń pè é, torí wọ́n ní ọ̀nì a máa sunkún lórí ẹran tó ń jẹ.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Ìjàpá wọlé, ó fi ọ̀pá já ẹja lórí àjà. Ó jẹ, ó jẹ, ikùn rẹ̀ kún dé etí igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Òjò bá dé. Odò kún, omi wọlé. Ìjàpá sáré sẹ́nu ọ̀nà, ikùn há! Ó kọjú sí òkè, ó fi orin bọnu. Ẹ gbè é:

Ajá ọ̀rẹ́ mi, wá gbà mí o,
*Òjò wọwọ!*
Ológbò ọ̀rẹ́ mi, wá gbà mí o,
*Òjò wọwọ!*
Omi dé àyà, omi dé ọrùn,
*Òjò wọwọ!*

Ajá dìde. Ológbò fa ìrù rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, níbo? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi yín rọ òjò ni?"

Ajá jókòó. "Òótọ́ ni. Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló ní ẹnikẹ́ni tó bá pè wá, ká má jáde. Ọ̀rẹ́ gidi!"

Omi dé àgbọ̀n. Ọgbọ́n tán. Ìjàpá yí orin padà, ẹ gbè é:

Irọ́ ni mo pa, ajá kì í rọ̀,
*Òjò wọwọ!*
Òjò ńlá lòyìnbó wí,
*Òjò wọwọ!*
Ẹja yín ni mo tìtorí ẹ̀,
*Òjò wọwọ!*

Odídẹrẹ́ tó ti sá òjò wọ inú ihò náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó parí! Bí àṣírí bá tú báyìí, òyìnbó á ní ológbò ti bọ́ jáde nínú àpò."

Ológbò ní: "Èmi náà tún ni? Kí ni mo fi ṣe òyìnbó?"

Ajá ti sáré lọ. Ó fi eyín gbá Ìjàpá lọ́rùn mú. Ó fà, ó fà. Ọrùn gùn, awọ rẹ̀ hunjọ, Ìjàpá bi gbogbo ẹja kó tó jáde. Látọjọ́ náà, bó bá ti rí Ajá báyìí, á fa ọrùn pamọ́.

Odídẹrẹ́ ní: "Ẹ fọkàn balẹ̀, òjò lásán ni."

Ajá ní: "A gbọ́. Òyìnbó ló sọ ọ́, Ìjàpá ló túmọ̀ rẹ̀, ìwọ lo wá ń tún un ṣe. Ẹsẹ̀ mi ni mo gbà gbọ́."

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òjò á kán ẹyọ kan péré, tí ajá àti ológbò á ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àlọ́ mi ti fo odò padà. Bí mo bá purọ́, kí òjò ajá rọ̀ lé mi lórí. Bí n kò bá purọ́, ẹ bu omi fún ìyá àgbà yín mu.